Mítà kan, ìdílé mẹ́rin: báwo lẹ ṣe ń pín owó iná nílé yín?

Ayálégbé_Ṣómólú

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará Èkó. Ọ̀rọ̀ owó iná ló gbé mi débí, torí ó ti fẹ́ di ìjà nílé wa.

Fúláàtì mẹ́rin ló wà nínú ilé tí à ń gbé ní Ṣómólú, mítà kan ṣoṣo ló sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Lánlọ́ọ̀dù ò bá wa gbé, Ìkòròdú ló wà. Nísàlẹ̀ níwájú, ìyá kan ń ta omi tútù àti sóbò, ó ní frísà ńlá kan. Lókè, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ láti inú ilé, òun ló ní AC. Èmi, ìyàwó mi àtàwọn ọmọ wà lódìkejì rẹ̀. Ẹni kẹrin ni bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì, òun nìkan ló ń gbé lẹ́yìn ilé. Gílóòbù, fáànù àti rédíò ni gbogbo ohun tó ń lo iná lọ́wọ́ bàbá.

Nígbà tí iná kì í wá ju wákàtí díẹ̀ lọ lójúmọ́, ọgbọọgba la máa ń dá owó, kò sì sẹ́ni tó ń ráhùn. Àtìgbà tí wọ́n ti gbé àdúgbò wa sí Bándì A, ìyẹn ti àwọn tó yẹ kó máa rí iná fún wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́, lọ̀rọ̀ ti yí padà. Iná ń wà, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n tá a bá dá ₦10,000 ₦10,000, ₦40,000 yẹn kì í pé ọ̀sẹ̀ méjì. Mítà á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, a ó tún máa wojú ara wa. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí tí iná parí lóru, tí kálukú jókòó sínú òkùnkùn tó ń dúró de ẹni tó máa ra tókìn.

Bàbá ò sọ nǹkan kan o. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wá kí i lọ́jọ́ kan, tó bi wá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé kí ló dé tí bàbá òun fi ń san owó AC. Kò sẹ́ni tó rí èsì fún un.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń lo mítà kan, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Ìyá_Ìbejì_Bàríga

Ẹ kú ìfaradà. Ilé oníyàrá tó dojú kọra lèmi ń gbé, pọ́ńtì la sì fi ń pín tiwa. Akọ̀wé ilé á mú ìwé dání, á wọ yàrá kọ̀ọ̀kan, á máa kọ ọ́: gílóòbù pọ́ńtì kan, fáànù pọ́ńtì kan, tẹlifíṣọ̀n kan, fíríìjì méjì, áyọ́ọ̀nù méjì. A ó ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, iye pọ́ńtì rẹ lo máa fi sanwó.

Ó sàn ju ọgbọọgba lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé kò níjà nínú. Àwọn kan máa ń ti síítóòfù oníná bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n bá ti gbọ́ ohùn akọ̀wé. Ẹ̀wà ló tú àṣírí yàrá kan: ìkòkò ń hó, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń gbóòórùn, bẹ́ẹ̀ kò sí gáàsì, kò sí sítóòfù kẹrosíìnì, kò sí èédú nínú yàrá yẹn. Àtọjọ́ náà làwọn ará ilé ò ti gba ara wọn gbọ́ mọ́.

Wáyà_Mushin

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi pọ́ńtì ṣe é. Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe, mo sì ti la irú ìjà yìí nílé tó pọ̀. Pọ́ńtì kì í sòótọ́. Gílóòbù LED tó jẹ́ wáàtì 9 àti gílóòbù àtijọ́ tó jẹ́ wáàtì 60, pọ́ńtì kan náà ni akọ̀wé máa kọ fún wọn, bẹ́ẹ̀ èkejì ń jẹ ju ìlọ́po mẹ́fà ti èkíní lọ.

Ohun tó yẹ ká mọ̀ ni yúnìtì. Tí nǹkan tó ń jẹ wáàtì 1,000 bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, yúnìtì kan ló jẹ yẹn. Àtoṣù keje ọdún 2024 ni yúnìtì kan ní Bándì A ti di ₦209.50. Tẹ́ ẹ bá fi VAT kún un, ìyẹn 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ó lé díẹ̀ ní ₦225. Torí náà, ₦10,000 yín ń ra nǹkan bíi yúnìtì 44. Kó tó di April 3, 2024 tí NERC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná, fowó kún ti Bándì A, ₦68 ni yúnìtì kan, ₦10,000 kan náà á ra yúnìtì tó lé ní 130. Ẹ rí i pé kì í ṣe ìwà àwọn ará ilé ló dédé bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ilé yín. Bàbá: ká ní gílóòbù LED méjì, fáànù wáàtì 55 fún wákàtí mẹ́wàá, àti rédíò. Kò lè ju yúnìtì 0.7 lọ lójúmọ́. Lóṣù kan, yúnìtì 21, owó rẹ̀ ò tó ₦5,000. Ẹ̀yin sì ń gba ₦10,000 lọ́wọ́ bàbá láàárín ohun tí kò pé ọ̀sẹ̀ méjì.

Frísà ńlá tó bá ṣì dáa máa ń jẹ yúnìtì méjì sí mẹ́ta lójúmọ́. Tí rọ́bà ẹnu ọ̀nà rẹ̀ bá ti gbẹ, tàbí tí gáàsì inú rẹ̀ ti ń lọ, mọ́tò rẹ̀ ò ní sinmi mọ́, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ yúnìtì márùn-ún. AC ọ̀kan-họ́ọ̀sì ti àtijọ́, téèyàn bá tàn án mọ́jú, yúnìtì mẹ́fà lọ, ìyẹn ju ₦1,300 ní alẹ́ ọjọ́ kan. Áyọ́ọ̀nù ń jẹ bíi wáàtì 1,000 sí 1,200, ṣùgbọ́n ta ló ń fi wákàtí mẹ́rin lọṣọ lójoojúmọ́? Ohun tó ń pẹ́ lórí iná ló ń kó owó lọ.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n fi mítà kékeré sí fúláàtì kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn mítà ńlá. Kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, inú àpótí búrékà ló máa ń wà, iye yúnìtì tó ti gba inú rẹ̀ kọjá ló ń kà. Wọ́n ń tà á ní Alaba. Mítà ńlá yín ṣì ni ilé iṣẹ́ iná mọ̀, ti kékeré wà fún ìpín owó láàárín ẹ̀yin ará ilé.

Ìyá_Olómi_Ọbáléndé

Mo ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín. Omi tútù lèmi náà ń tà, bẹ́ ẹ sì ṣe ń sọ̀rọ̀ frísà bí ẹni pé olè ni kò dùn mọ́ mi nínú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú frísà mi báyìí. Omi inú ọ̀rá wà nísàlẹ̀, sóbò wà lórí rẹ̀. Ẹja tí ìyàwó ilé kejì rà lọ́jọ́ Sátidé wà níbẹ̀. Ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ ará òkè wà nínú ike bọ́tà, wọ́n ti so ọ̀rá mọ́ ọn lórí. Ògì ẹnì kan wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó sanwó fún mi rí tórí pé ó bá mi fi nǹkan pamọ́, mi ò sì bèèrè, torí a jọ ń gbé ni. Ṣùgbọ́n tí owó iná bá dé, "frísà Ìyá Olómi ló jẹ gbogbo ẹ̀."

Èmi fara mọ́ mítà kékeré tí Wáyà sọ, tọkàntọkàn. Kó kà á, kí n rí iye tó jẹ́ tèmi, kí n fi í sínú owó ọjà mi. Ìyà tó ń jẹ wá ni pé tí nǹkan bá ti sọnù nílé, oníṣòwò ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò.

Ọ̀rọ̀ rọ́bà ẹnu ọ̀nà yẹn, òótọ́ ni o, ẹ̀yin ẹlẹ́gbẹ́ mi. Ẹ fi owó bébà há ẹnu ọ̀nà frísà, kẹ́ ẹ pa á dé, kẹ́ ẹ wá fà á. Tó bá yọ wẹ́rẹ́ láì dúró, afẹ́fẹ́ tútù ń jáde níbẹ̀. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà náà. Ẹ má sì jẹ́ kí frísà ṣófo. Tí nǹkan bá kún inú rẹ̀, òtútù máa ń pẹ́ níbẹ̀ tí iná bá lọ.

Ayálégbé_Ṣómólú

Ìyá wa, ẹ má bínú sí mi. Mi ò pe ẹnikẹ́ni lólè. Àwa náà ń kó nǹkan sínú frísà ìyá ilé wa, n kò sì tíì rò ó bẹ́ ẹ ṣe là á sílẹ̀ yìí.

Tẹ́kì_Yábà

Irú ọ̀dọ́mọkùnrin òkè yẹn lèmi, ẹ jẹ́ kí n gbẹnu sọ fún un. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílé kì í ṣe afẹ́ ló ń fi AC ṣe. Lókè ilé, lábẹ́ páànù, láàárín March, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ máa ń gbóná débi pé ó máa ń falẹ̀. Mo ti pààrọ̀ AC mi sí oní-inverter, tí mọ́tò rẹ̀ kì í kú kó tún máa ta kìjí dìde. Ńṣe ló máa ń rọra falẹ̀ tí yàrá bá ti tutù. Mo fi í sórí 25, mo sì ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé dáadáa. Ìyàtọ̀ wà gan-an ní iye yúnìtì.

Yàtọ̀ sí ti AC yẹn, mo ní inverter ilé, èyí tó ń tọ́jú iná pamọ́ sínú bátìrì méjì. Tí iná bá lọ, ọ̀tọ̀ ni mo wà. Nítorí náà, mi ò rò pé ó yẹ kí n san bí ẹni tó gbára lé NẸ́PÀ nìkan.

Wáyà_Mushin

Àbúrò, ọ̀rọ̀ AC yẹn, o gbà á. Ti inverter ni mi ò gbà. Níbo ni bátìrì ti ń rí iná tó ń tọ́jú? Bátìrì ńlá méjì tó jẹ́ 12V, 220Ah, tẹ́ ẹ bá ro ó, yúnìtì márùn-ún àti díẹ̀ ló lè gbà. Èyí tó jẹ́ tubular, ìyẹn irú bátìrì olómi, kò dáa kéèyàn lò ó ju ìdajì lọ kó tó tún gba iná, tórí kó má bàa tètè kú. Ìdajì yẹn á tó yúnìtì méjì àbọ̀. Láti dá a padà, ẹ máa fà ju yúnìtì mẹ́ta lọ látinú mítà, torí díẹ̀ á dànù sínú ooru. ₦700 nìyẹn, gbogbo ìgbà tí bátìrì bá lọ dé ìdajì. Inverter tí kò ní sólà, iná NẸ́PÀ ló ń tọ́jú pamọ́.

Mi ò sọ pé kó o má lò ó o. Mo ní kí mítà kà á.

Tẹ́kì_Yábà

Ó yé mi, ẹ̀gbọ́n. Sólà ni mo fẹ́ fi sí i, lánlọ́ọ̀dù ló kọ̀. Ó ní wọ́n máa da òrùlé òun lu, omi á sì máa jò. Ayálégbé tó bá sì gbé páànẹ́lì gorí òrùlé lónìí, ṣé ó mọ̀ bóyá wọ́n á sọ pé kó kó jáde lọ́dún tó ń bọ̀? Ọ̀rọ̀ yìí ló ń dí ọ̀pọ̀ wa lọ́wọ́, kì í ṣe owó nìkan.

Kò_Síná_Òkè

Ẹ ń da ara yín láàmú. Ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, kó gba ẹ̀yìn mítà fa wáyà kan fún frísà àti AC. Gbogbo ìjà á parí.

Wáyà_Mushin

Rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dábàá ẹ̀ níbí. Olè ni, òfin iná ọdún 2023 sì ka jíjí iná sí ẹ̀ṣẹ̀. Tí wọ́n bá mú un, gbogbo ilé ni wọ́n máa ge iná rẹ̀, àti bàbá onírédíò àtẹni tó fà á. Ẹ tún wò ó: wáyà tí wọ́n fi pamọ́ sínú ògiri, tí kò gba inú búrékà kankan kọjá, tó bá gbóná, kí ni yóò pa á? Mo ti rí ògiri tó dúdú látòkè délẹ̀ nítorí irú wáyà bẹ́ẹ̀, inú yàrá táwọn ọmọdé ń sùn ni.

Dẹ́rẹ́bà_Òṣòdì

Èmi ò tiẹ̀ mọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń jà lé lórí. Ẹ wá wo àdúgbò tí iná ò sí. Jẹ́ẹ̀nì kékeré tí à ń pè ní "I better pass my neighbour" ni mò ń lò, èyí tá a máa ń po òróró ẹńjìnnì mọ́ epo rẹ̀. Lítà epo kan kì í sábà ju yúnìtì méjì lọ nínú jẹ́ẹ̀nì kékeré, tó bá sì jẹ́ pé gílóòbù àti fáànù nìkan ló gbé, kò tiẹ̀ ní tó bẹ́ẹ̀. Ṣẹ́ ẹ rántí pé ní May 29, 2023 ni Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ? Epo tí à ń rà ní ohun tí kò tó ₦200 di ₦617 kó tó di òpin oṣù keje ọdún yẹn. Ẹ fi ₦617 pín sí méjì: ju ₦300 lọ ni yúnìtì kan, láì ka òróró, láì ka púlọ́ọ̀gì, láì ka ariwo. Látìgbà náà, epo ti kọjá iye yẹn.

Nítorí náà, tí NẸ́PÀ bá ń wà fún wákàtí ogún, kódà ní ₦225, ó ṣì sàn ju epo lọ. Ẹ pín in dáadáa, kẹ́ ẹ sì dúpẹ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé jẹ́ẹ̀nì sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí bálíkónì lóru. Èéfín rẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn jí. Ọ̀pọ̀ ìdílé ti lọ bẹ́ẹ̀ ní Èkó yìí.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀_Èkó

Ẹ̀gbọ́n Dẹ́rẹ́bà, "tó bá ń wà fún wákàtí ogún" tẹ́ ẹ sọ yẹn ni kókó. Bándì A túmọ̀ sí wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́, B jẹ́ 16, C jẹ́ 12, D jẹ́ 8, E jẹ́ 4. Ìlànà tí NERC gbé jáde ní April 2024 sọ pé tí ilé iṣẹ́ iná ò bá lè fún yín ní iye wákàtí yẹn fún ọjọ́ méje tó tẹ̀ léra, kí wọ́n dá yín padà sí bándì tẹ́ ẹ̀ ń gbà lóòótọ́. Torí náà, kí ẹnì kan nílé yín máa kọ àkókò tí iná dé àti àkókò tó lọ. Ìwé yẹn lẹ máa mú lọ sí ọ́fíìsì wọn. Ẹni tó kàn lọ pariwo níbẹ̀ láìmú ìwé kankan dání, wọ́n á ní kó lọ dúró.

Ní tiwa níbí, wàhálà mìíràn ló wà. Ilé ẹbí ni, bàbá wa àgbà ló kọ́ ọ. Ẹ̀ka ìdílé mẹ́ta ló pín in, àwọn ayálégbé náà wà níbẹ̀. Mo ní kí kálukú gba mítà tirẹ̀ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ iná. Gbogbo wọn gbà, títí ó fi dórí ta ló máa kọ orúkọ sórí ìwé. Ẹ̀ka kan ní tí orúkọ ẹ̀ka kejì bá ti wà lórí mítà, lọ́la wọ́n á sọ pé àwọn ló nilé. Ọ̀rọ̀ iná di ọ̀rọ̀ ogún. Ọdọọdún la máa ń sọ ọ́ nípàdé ẹbí, ibi tá a bá a la máa ń fi í sí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní lánlọ́ọ̀dù kan ṣoṣo, mítà tó dá dúró fún fúláàtì kọ̀ọ̀kan ló dáa jù. Kí lánlọ́ọ̀dù dìde sí i. Ilé rẹ̀ ló ń tún ṣe.

Àdùkẹ́_Súrúlérè

Àwa ti ṣe mítà kékeré nílé wa, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú wa rí.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kíá ni ìjà dáwọ́ dúró. Ẹni tó ń fi iná se oúnjẹ fúnra rẹ̀ ló lọ ra sílíńdà gáàsì, kò sẹ́ni tó bá a wí. Gílóòbù àtijọ́ pòórá. Ọkùnrin tó máa ń jáde lọ síbi iṣẹ́ láì pa fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í pa á. Nígbà tí owó ti wà ní gbogbogbòò, kò sẹ́ni tó ń rí tirẹ̀.

Àwọn nǹkan kan wà tá ò kọ́kọ́ ronú kàn. Pọ́ǹpù omi, gílóòbù ẹnu géètì àti ti orí àtẹ̀gùn, mítà ta ni wọ́n wà? A ní láti fi mítà tiwọn sí i lọ́tọ̀, iye yẹn la wá ń pín ọgbọọgba. Tá a bá sì ro ti mítà kékeré gbogbo pọ̀, kì í bá ti mítà ńlá mu géérégé, ìyàtọ̀ díẹ̀ máa ń wà. Ẹ fẹnu kò lórí ìyẹn kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹnì kan á ní wọ́n ń rẹ́ òun jẹ.

Àwọn kan máa sọ pé kẹ́ ẹ ra mítà kékeré onítókìn, kí kálukú máa ra tirẹ̀. Ẹ ṣọ́ra. Ẹ rántí November 24, 2024, tí gbogbo mítà onítókìn gbọ́dọ̀ ti gba nọ́ńbà méjì tó jẹ́ oní-ogún dígíìtì kó tó lè gba tókìn tuntun? Àtọdún 1993 ni wọ́n ti ń ka ìṣẹ́jú fún àwọn tókìn náà, àyè tí wọ́n fi ń kà á ló kún lọ́jọ́ yẹn. Ilé iṣẹ́ iná fún wa ní nọ́ńbà fún mítà ńlá. Ará ilé kejì wa tó ra mítà kékeré onítókìn lọ́jà kò rí ẹni tó tà á fún un mọ́, mítà náà sì di ohun ọ̀ṣọ́ ògiri. Èyí tó kàn ń kà á láìlo tókìn ni kẹ́ ẹ rà.

Ìyá_Ìbejì_Bàríga

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ ṣeun. Ẹni tó ń fi iná se oúnjẹ yẹn, ṣé lóòótọ́ ni gáàsì fi dínwó jù? Ní ilé wa, wọ́n ní gáàsì ti wọ́n jù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sá lọ sí síítóòfù oníná.

Wáyà_Mushin

Ìyá Ìbejì, láti ṣe iṣẹ́ tí kílò gáàsì kan máa ṣe nídìí oúnjẹ, síítóòfù oníná á jẹ nǹkan bíi yúnìtì mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá. Ní Bándì A, ó ju ₦2,000 lọ. Ẹ fi wé iye tí wọ́n ń ta kílò kan ládùúgbò yín. Iná yẹn dà bí ọ̀fẹ́ lójú wọn torí àwọn yàrá tó kù ló ń bá wọn san án.

Àgbà_Agége

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àròjinlẹ̀. Èmi ti wà nínú iṣẹ́ nígbà tí wọ́n fi dá NẸ́PÀ sílẹ̀ ní 1972. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí PHCN ní 2005, mo sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n fà á lé àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́ ní November 2013. Èkó wá ní méjì, Ikeja Electric àti Eko Electricity. Lẹ́nu wa, NẸ́PÀ náà ni gbogbo rẹ̀.

Ohun tó ń kọ mí lóminú nínú ọ̀rọ̀ mítà kékeré yìí ni pé ilé ayálégbé máa ń ní ojú àánú. Nígbà tí mo gba yàrá àkọ́kọ́ ní Agége, tí wọn ò tíì san owó oṣù mi, ìyá kan tó ń dín àkàrà ló san owó iná mi. Tẹ́ ẹ bá ka gbogbo nǹkan ní yúnìtì yúnìtì, ẹni tí kò ní á jókòó sínú òkùnkùn, ẹni tó ní á sì máa fi AC sùn lókè orí rẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa.

Ìyá_Olómi_Ọbáléndé

Bàbá, ẹ kú ọ̀rọ̀ àgbà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èyí pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Nílé Ṣómólú yẹn, ẹni tí kò ní ló ń ràn ẹni tó ní lọ́wọ́ báyìí. Bàbá onírédíò ló ń san owó AC. Ẹ jẹ́ kí mítà kọ́kọ́ kà á. Tí oṣù bá wá le fún ẹnì kan, ẹni tó bá lè ràn án lọ́wọ́ á ṣe é, á sì mọ̀ pé òun ṣe é.

Àgbà_Agége

Ọ̀rọ̀ yín dá mi lójú, ìyá. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Ayálégbé_Ṣómólú

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. A ti ṣèpàdé lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, mo sì ka ìṣirò Wáyà sétí wọn. Nígbà tí mo dórí ti bàbá, pé owó rẹ̀ ò yẹ kó tó ₦5,000 lóṣù, gbogbo ilé dákẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin òkè ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: ó ní kí wọ́n yọ bàbá kúrò nínú ìdáwó títí mítà kékeré á fi dé, pé òun máa san ìpín bàbá. Ìyá olómi ilé wa ní òun fara mọ́ ọn, ó sì ní kí àwa tí à ń kó ẹja sínú frísà òun fi nǹkan díẹ̀ kún un. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ dá a lóhùn pé a máa ṣe bẹ́ẹ̀.

A pe lánlọ́ọ̀dù lórí fóònù níbẹ̀. Ó kọ́kọ́ ní kò kan òun. Nígbà tá a sọ fún un pé ilé tí wáyà rẹ̀ bá ti pín sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ máa rọrùn láti gba mítà tirẹ̀ nígbà tó bá yá, ó ní òun máa san owó wáyà àti ti iṣẹ́, kí àwa ra àwọn mítà náà. Ohun tó kù tá ò tíì yanjú ni pọ́ǹpù omi. Ìyá olómi ń lo omi ju gbogbo wa lọ, bàbá ò lò ju garawa kan lọ. Mo sọ ohun tí Àǹtí Àdùkẹ́ sọ nípa ọgbọọgba, àwọn kan ò gbà.

Wáyà, ṣẹ́ ẹ lè bá wa wá wò ó?

Àdùkẹ́_Súrúlérè

Ẹ jẹ́ kí pọ́ǹpù wà lórí mítà ìyá olómi, kẹ́ ẹ̀yin mẹ́ta máa dá iye kan fún un lóṣooṣù. Òun ló wà nísàlẹ̀, òun ló sì máa ń tètè mọ̀ tí táńkì bá ti kún, omi ò ní máa ṣàn dànù sí gọ́tà.

Wáyà_Mushin

Màá wá ní Sátidé. Kí n tó dé, ẹ bá mi ṣe nǹkan kan: ẹ pa gbogbo búrékà fúláàtì kan, kẹ́ ẹ wò ó bóyá nǹkan kan ṣì ń tàn níbẹ̀. Nínú àwọn ilé àtijọ́ Ṣómólú, mo máa ń rí i pé sọ́kẹ́ẹ̀tì yàrá kan ń mú iná wá láti fúláàtì kejì, tàbí kí néútírà, ìyẹn wáyà tí iná ń gbà padà, ti fúláàtì méjì ti pa pọ̀ sínú ògiri. Tá ò bá kọ́kọ́ tú wọn, ẹnì kan á ṣì máa san owó ẹlòmíì. Tó bá sì dọjọ́ tẹ́ ẹ gba mítà tilé iṣẹ́ iná, mítà náà á máa ro pé wọ́n ń jí iná, á sì máa kú fúnra rẹ̀. Ẹ kọ èyí tẹ́ ẹ bá rí sínú ìwé. Kí bàbá náà ṣe tirẹ̀ o, fúláàtì ẹ̀yìn ni wọ́n sábà máa ń so mọ́ ti ẹlòmíì.